Ọ̀nà Wo Ni Ó Mọ́ Jù? Òṣùwọ̀n Ìmọ́tótó Nínú Iṣẹ́ Ìṣẹ̀dá Kẹ́míkà

ÌFÁÀRÀ

   Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lálẹ́ òní jẹ mọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sì lè ya ẹlòmíràn lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni a pè láti wá sọ ọ́. Kò yẹ kí ó yani lẹ́nu púpọ̀. Bí onísáyẹ́ǹsì bá sọ pé ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣe oògùn, ọṣẹ tàbí aró ‘mọ́’, tàbí pé ‘kò ba àyíká jẹ́’, gbólóhùn ni ó sọ yẹn, gbólóhùn sì ní ìtumọ̀ tí a lè tọ pinpin. Ó mọ́ ju kí ni lọ? Kí ni a fi wọ̀n ọ́n? Kí ni a kà, kí ni a sì fi sílẹ̀ láìkà?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. ‘Mímọ́’ jẹ́ orúkọ rere, gbogbo ẹni tí ó ní ọjà láti tà ni ó sì ń fẹ́ fi pe ọjà tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lálẹ́ òní ni pé nínú iṣẹ́ kẹ́míkà, kò sí ọ̀nà kan tí ó ‘mọ́’ ní òun nìkan. Èyí tí ó ‘mọ́ ju’ òmíràn lọ ni ó wà. Òṣùwọ̀n kan ṣoṣo kò sì tó láti fi dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. A ó mú àwọn òṣùwọ̀n náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì wo ibi tí agbára ìkọ̀ọ̀kan wọn mọ.

KÍ NI ÌṢẸ̀DÁ KẸ́MÍKÀ?

Ìṣẹ̀dá kẹ́míkà ni kí a mú èròjà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn ṣe, kí wọ́n sì di ohun mìíràn tí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn mọ́. Iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ìyá tí ó po epo pọ̀ mọ́ omi eérú, tí ó sì sè é títí tí ó fi di ọṣẹ, ìṣẹ̀dá kẹ́míkà ni ó ṣe. Epo kọ́ ni ọṣẹ, eérú kọ́ sì ni ọṣẹ. Ohun tuntun ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọṣẹ náà ṣe ìṣirò kékeré kan ní ojú pátákó, nítorí pé òun ni yóò la ọ̀nà fún ohun gbogbo tí ó kù. Ọ̀rá kan wà nínú epo pupa tí wọ́n ń pè ní tripalmitin. Bí a bá lo kọ́sítíìkì sódà dípò eérú, ìwọ̀n 806 ọ̀rá yìí yóò bá ìwọ̀n 120 sódà ṣe. Àpapọ̀ ohun tí ó wọlé jẹ́ 926. Ohun tí ó jáde ni ọṣẹ 834 àti glycerol 92, àpapọ̀ wọn sì tún jẹ́ 926. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ohun tí ó sọnù. Òfin kan ni èyí nínú ìmọ̀ kẹ́míkà: ohun tí ó bá wọ inú ìkòkò kò lè di òfo. Bí kò bá jáde gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń wá, yóò jáde gẹ́gẹ́ bí ohun tí a kò wá, a ó sì níláti wá ibi tí a ó gbé e sí. Inú òfin yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa lálẹ́ òní ti bẹ̀rẹ̀.

ÒṢÙWỌ̀N ÀTIJỌ́: ÌKÓRÈ

Fún ìgbà pípẹ́, ohun kan ni àwọn oníkẹ́míkà fi ń yin iṣẹ́ ara wọn, èyí ni ìkórè. Ìṣirò yóò kọ́kọ́ sọ iye ọjà tí ó yẹ kí a rí. A ó wá wo iye tí a rí ní tòótọ́. Bí ó bá yẹ kí a rí gíráàmù 100 tí a sì rí 90, a ó ní ìkórè wa jẹ́ ìdá 90 nínú 100. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mọ èyí dáadáa, torí òun ni wọ́n máa ń kọ sí ìparí ìwé àyẹ̀wò wọn.

Ìkórè kò burú. Ó ń sọ bí ọwọ́ ṣe mọ iṣẹ́ sí. Ó sì tún ń kọ́ wa pé gígùn ọ̀nà ń náni lówó. Bí iṣẹ́ kan bá ní ìpele 6, tí ìkórè ìpele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdá 90 nínú 100, ohun tí yóò kù ní ìparí kò ju ìdá 53 nínú 100 lọ. Bí ìpele bá jẹ́ 3, ohun tí yóò kù jẹ́ ìdá 73. Ẹni tí ó gba ọ̀nà kúkúrú ti jèrè kí ó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Àmọ́ ìkórè ní ojú kan tí kò ríran. Ọjà nìkan ni ó ń wò. Ọ̀nà kan lè mú ìkórè ìdá 100 nínú 100 wá, kí ó sì tún kó òkìtì pàǹtí jọ sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé ìṣirò tí ó sọ iye ọjà tí ó yẹ kí a rí kò bèèrè ohun tí yóò bá ọjà náà jáde. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

ÌṢÚNNÁ ÁTỌ́Ọ̀MÙ

Ní ọdún 1991, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Barry Trost, gbé òṣùwọ̀n mìíràn kalẹ̀. Ó ní kí á kúrò lórí ọjà nìkan. Kí á bèèrè pé nínú gbogbo átọ́ọ̀mù tí a rà wọlé, èló ni ó parí sí inú ohun tí a ń wá? Mo dábàá pé kí a máa pe òṣùwọ̀n yìí ní ‘ìṣúnná átọ́ọ̀mù’. Ẹ mọ̀ pé ẹni tí ó ń ṣún owó ná kì í ṣe ẹni tí ó ń ṣahun. Ẹni tí ó ń rí i pé owó kọ̀ọ̀kan ṣe iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ yọ ọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a fẹ́ kí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣe.

Bí a ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀ kò le. A ó fi ìwọ̀n ohun tí a ń wá pín sí ìwọ̀n gbogbo ohun tí ó wọlé, a ó sì sọ ọ́ di ìdá nínú 100. Nínú ọṣẹ wa àná, 834 nínú 926, ìdá 90 nínú 100 ni. Glycerol ni ìdá 10 tí ó kù. Bí a bá fi í sílẹ̀ nínú ọṣẹ, bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe, a jẹ́ pé pàǹtí kò sí níbẹ̀ rárá.

ÀPẸẸRẸ KAN: IBUPROFEN

Kò sí àpẹẹrẹ tí ó fi agbára òṣùwọ̀n yìí hàn ju ti oògùn ibuprofen lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò fún ara ríro àti orí fífọ́. Ilé-iṣẹ́ Boots ní ìlú Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣàwárí rẹ̀; Stewart Adams àti John Nicholson ni orúkọ wọn wà nídìí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1969 ni ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn aláìsàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ tí Boots ń gbà ṣe é ní ìpele 6. Bí a bá ro ìwọ̀n gbogbo èròjà tí ó ń wọlé ní ìpele mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, yóò jẹ́ 514.5. Ìwọ̀n ibuprofen tí ó ń jáde jẹ́ 206. Ìṣúnná rẹ̀ jẹ́ ìdá 40 nínú 100. Èyí ni pé bí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bá tilẹ̀ dá ṣáká, tí ìkórè wọn pé pérépéré ní gbogbo ìpele, kílógíráàmù kan ibuprofen yóò ṣì mú kílógíráàmù kan àtààbọ̀ pàǹtí dání. Àìmọṣẹ́ kọ́ ni ó fa pàǹtí yìí. Ọ̀nà tí wọ́n yàn ni ó bí i. Ó sì níye ẹgbẹẹgbẹ̀rún tọ́ọ̀nù tí a ń lò ní àgbáyé lọ́dọọdún, nítorí náà kí olúkúlùkù ro òkìtì náà wò.

Nígbà tí ẹ̀tọ́ tí ó dáàbò bo àwárí náà ti tán, ilé-iṣẹ́ méjì, Boots àti Hoechst Celanese, para pọ̀ wá ọ̀nà tuntun. Ní ọdún 1992, ilé-iṣẹ́ ńlá kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà náà ní ìlú Bishop, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ìpele 3 péré ni ó ní. Ohun tí ó ń wọlé jẹ́ 266, ibuprofen tí ó ń jáde ṣì jẹ́ 206. Ìṣúnná átọ́ọ̀mù rẹ̀ jẹ́ ìdá 77 nínú 100. Ìwọ̀n 60 tí ó ṣẹ́kù pàápàá, acetic acid ni, ohun kan náà tí ó ń mú kí fínígà kan. Òun náà wúlò, wọ́n sì ń gbà á padà. Bí a bá kà á mọ́ èrè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí átọ́ọ̀mù tí ó ṣòfò.

Kí ni ó mú ìyàtọ̀ yìí wá? Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Nínú ọ̀nà àtijọ́, aluminium chloride ni wọ́n fi ń ti ìpele àkọ́kọ́ lẹ́yìn. Ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń bá iṣẹ́ náà lọ ni. Púpọ̀ ni a níláti dà sí i, púpọ̀ ni ó sì ń di ẹrẹ̀ aluminium tí a kò lè tún lò. Nínú ọ̀nà tuntun, wọ́n lo ohun tí mo ń pè ní ‘amúṣẹ́yá’: ohun tí ń mú iṣẹ́ yá, ṣùgbọ́n tí kì í bá iṣẹ́ lọ. Alárinà ìgbéyàwó ni amúṣẹ́yá: ó mú ọkọ àti ìyàwó pàdé, àmọ́ kì í bá wọn wọ yàrá. Bí ó bá ti parí iṣẹ́ kan, a ó mú un lọ sí òmíràn. Hydrogen fluoride ni ó ṣe iṣẹ́ yìí ní ìpele kìíní, nickel ní ìpele kejì, palladium ní ìpele kẹta. Ní ọdún 1997, ọ̀nà yìí gba ẹ̀bùn tí ààrẹ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ fún iṣẹ́ kẹ́míkà tí kò ba àyíká jẹ́.

ÒṢÙWỌ̀N E: ÌWỌ̀N PÀǸTÍ

Bí ìṣúnná átọ́ọ̀mù ti dára tó, orí ìwé ni ó ti ń ṣe ìṣirò tirẹ̀. Ó gbà pé ìkórè pé. Kò ka omi tí a fi fọ nǹkan. Kò sì ka ohun tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ oògùn, èyí ni olómi ìpò, ìyẹn àwọn olómi tí a fi ń po èròjà kí wọ́n lè yọ́, kí wọ́n sì pàdé ara wọn. Ẹni tí ó bá wọ ilé-iṣẹ́ oògùn yóò rí i pé olómi wọ̀nyí ni ó gba àyè jù nínú àwọn àgbá, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì sí nínú oògùn tí a ń gbé mì.

Roger Sheldon, oníkẹ́míkà tí ó ṣiṣẹ́ ní Delft ní ilẹ̀ Netherlands, ni ó mú wa kúrò lórí ìwé wá sí ẹ̀yìnkùlé. Ní ọdún 1992, ó gbé òṣùwọ̀n E jáde. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: kílógíráàmù pàǹtí mélòó ni ó jáde fún kílógíráàmù kan ọjà? Bí E bá jẹ́ òdo, pàǹtí kò sí. Bí E bá jẹ́ 10, a ṣe pàǹtí ní ìlọ́po mẹ́wàá ọjà wa. Ó wá wo àwọn ilé-iṣẹ́ lóríṣiríṣi, ohun tí ó rí sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Àwọn tí ń fọ epo rọ̀bì ní E tí ó tó nǹkan bí 0.1. Àwọn tí ń ṣe kẹ́míkà olówó pọ́ọ́kú ní ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀nù wà láàrin èyí tí kò tó 1 sí 5. Àwọn oníkẹ́míkà àkànṣe wà láàrin 5 sí 50. Àwọn onílé-iṣẹ́ oògùn, tí aṣọ wọn funfun jù, wà láàrin 25 sí 100, àwọn mìíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣé a ó wá sọ pé epo rọ̀bì mọ́ ju oògùn lọ? Rárá o. Òṣùwọ̀n E ń sọ ìwọ̀n pàǹtí fún kílógíráàmù kan. Kò sọ iye kílógíráàmù tí a ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ohun tí ọjà náà yóò ṣe lẹ́yìn tí ó bá kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Epo tí a fọ̀ tán, sísun ni yóò sun; èéfín rẹ̀ kò sí nínú 0.1 náà. Àwọn ará Niger Delta kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi òṣùwọ̀n ṣàlàyé èyí fún wọn. Ohun tí òṣùwọ̀n E dára fún ni kí a fi ọ̀nà méjì tí ó ń ṣe ọjà kan náà wé ara wọn. Ẹ̀fọ́ ni a fi ń wé ẹ̀fọ́.

ÌWÚWO KÌ Í ṢE ORÓ

Ẹ̀wẹ̀, kílógíráàmù kan iyọ̀ àti kílógíráàmù kan májèlé dọ́gba lórí òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n wọn kò dọ́gba nínú ara. Ibí yìí ni gbogbo òṣùwọ̀n tí a ti kà ti kùnà. Ọ̀nà tuntun ibuprofen tí a yìn lẹ́ẹ̀kan, ẹ rántí pé hydrogen fluoride ni ó ń lò. Wọ́n ń gbà á padà, wọ́n sì ń tún un lò, nítorí náà kò wúwo nínú ìṣirò. Àmọ́ ohun tí ó lè jẹ ẹran ara dé egungun ni, ilé-iṣẹ́ tí ó bá sì ń lò ó kò gbọdọ̀ sùn.

Èyí tí ó dunni jù nínú àpẹẹrẹ irú èyí ni ti ìlú Bhopal ní orílẹ̀-èdè Íńdíà. Ilé-iṣẹ́ Union Carbide ń ṣe oògùn apakòkòrò kan níbẹ̀ tí ń jẹ́ carbaryl. Èròjà mẹ́ta ni ó ń di carbaryl: methylamine tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 31, phosgene tí ó jẹ́ 99, àti naphthol tí ó jẹ́ 144. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tò wọ́n. Nínú ọ̀nà kìíní, methylamine àti phosgene ni yóò kọ́kọ́ pàdé, wọn yóò di methyl isocyanate, èyí yóò sì wá bá naphthol ṣe. Nínú ọ̀nà kejì, naphthol àti phosgene ni yóò kọ́kọ́ pàdé, methylamine yóò sì wá kẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò méjèèjì. Ohun tí ó wọlé ní ọ̀nà kìíní jẹ́ 274. Ní ọ̀nà kejì, 274 ni. Carbaryl tí ó jáde jẹ́ 201 ní ọ̀nà méjèèjì. Hydrogen chloride 73 ni ó ṣẹ́kù ní ọ̀nà méjèèjì. Ìṣúnná átọ́ọ̀mù ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdá 73 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ òṣùwọ̀n yìí nìkan ni a ní, a ó sọ pé ìbejì ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kìíní ni Union Carbide ń lò ní Bhopal, wọ́n sì ń kó methyl isocyanate jọ sínú àgbá ńláńlá. Ní òru ọjọ́ kejì mọ́jú ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1984, omi wọ inú àgbá kan, ohun inú rẹ̀ gbóná, ó hó, ó sì di gáàsì tí ó bo àwọn ilé tí ó wà nítòsí. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn lọ tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbà pé ó bá a kú, àwọn tí gáàsì náà kàn sì ju 500,000 lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ń sùn lọ́wọ́ ni. Nínú ọ̀nà kejì, methyl isocyanate kò sí rárá. Ohun tí kò sí nínú àgbá kò lè jáde nínú àgbá. N kò sọ pé ọ̀nà kejì jẹ́ aláìléwu. Phosgene wà nínú méjèèjì, phosgene sì jẹ́ gáàsì tí wọ́n fi pa ènìyàn nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ohun tí mo sọ ni pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ, nínú ohun tí ìwọ̀n kò lè rí.

ÒṢÙWỌ̀N TÍ Ó DÀ BÍ MÁÀKÌ OLÙKỌ́

Nígbà tí ó ti hàn pé ọ̀kan ṣoṣo kò tó, àwọn kan gbìyànjú láti da ọ̀pọ̀ pọ̀. Ní ọdún 1998, Paul Anastas àti John Warner tẹ ìwé kan jáde tí ó gbé ìlànà 12 kalẹ̀ fún irú kẹ́míkà yìí. Èyí àkọ́kọ́ nínú wọn ni pé kí a má ṣe jẹ́ kí pàǹtí wáyé sàn ju kí a máa wá bí a ó ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ìlànà ni wọ́n, wọn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Wọ́n ń tọ́ni sọ́nà, àmọ́ wọn kò fúnni ní máàkì.

Ní ọdún 2006, Koen Van Aken, Lucjan Strekowski àti Luc Patiny wá gbé EcoScale jáde, èyí tí yóò tètè yé ẹ̀yin olùkọ́. Gbogbo àyẹ̀wò ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú máàkì 100. A ó wá máa yọ máàkì kúrò fún àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Bí ìkórè bá dín ní 100, a ó yọ ìdajì ohun tí ó fi dín. Ẹni tí ó rí 80 yóò pàdánù máàkì 10. Bí èròjà kan bá jẹ́ olóró, a ó yọ 5; bí ó bá jẹ́ olóró gidi tàbí ohun tí ó lè bú gbàmù, a ó yọ 10. A ń yọ máàkì fún èròjà olówó gọbọi, fún gbígbé iná sábẹ́ iṣẹ́ ju wákàtí kan lọ, fún mímú un tutù rékọjá yìnyín, àti fún ọ̀nà gígùn tí a gbà yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ọjà. Èyí tí ó bá ju 75 lọ ni a ní ó dára gan-an. Èyí tí ó ju 50 lọ ṣeé gbà. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ 50 kò kúnjú òṣùwọ̀n.

Ẹwà EcoScale ni pé ó ń mú ewu àti iná wọ inú ìṣirò. Àléébù rẹ̀ ni pé ènìyàn ni ó pinnu pé oró tó máàkì 10 tí ooru tó 3. Olùkọ́ kankan kò ní ṣàì mọ èyí: máàkì ń fara hàn bí òtítọ́ pọ́nńbélé, bẹ́ẹ̀ sì ni ọwọ́ olùkọ́ ni ó ti wá. Nítorí náà, kí a máa fi àkọsílẹ̀ bí a ti yọ máàkì hàn pẹ̀lú máàkì náà. Máàkì tí kò ní àlàyé, àfojúbù ni.

NÍBO NI ÌKÒKÒ TI BẸ̀RẸ̀?

Ó ku ìbéèrè kan tí ó le jù gbogbo èyí lọ: níbo ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà, níbo ni a ó sì ti dúró? Ẹ jẹ́ kí a fi aró ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀ àdìrẹ kò jìnnà sí wa ní Abẹ́òkúta àti ní Òṣogbo.

Ewé èlú àti omi eérú ni àwọn aláró wa ń lò láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta aró tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Nígbà tí ó yá, ó dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà àti hydrosulphite, èyí tí ó ń mú kí aró náà yọ́ sínú omi. Ohun tí ó wà nínú èlú tí ń mú aṣọ di aláwọ̀ aró àti ohun tí ó wà nínú ìyẹ̀fun Jámánì, ohun kan náà gan-an ni; kẹ́míkà kò mọ orísun.

Èwo ni ó mọ́ jù? Ẹnu ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò tètè yá láti dáhùn pé ti ewé ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀n ọ́n ní òtítọ́ níláti ka igi tí a sun kí eérú tó wà, àti omi púpọ̀ tí a lò, àti iye ewé tí a gún kí aró díẹ̀ tó jáde. Ní apá kejì, kí ó ka aniline, formaldehyde àti hydrogen cyanide tí wọ́n fi ń ṣe aró ìyẹ̀fun ní ilé-iṣẹ́, kí ó ka epo ọkọ̀ òkun tí ó gbé e wá. Lẹ́yìn náà, kí ó wá tẹ̀lé omi tí aláró dà nù ní ìrọ̀lẹ́. Omi sódà tí a dà sínú gọ́tà kò mọ̀ pé òwò ti parí; ó ń lọ sí odò, tàbí ó ń rin ilẹ̀ lọ sí kànga. Bí a bá dá ìṣirò dúró ní ẹnu ìkòkò, ẹni tí ń fa omi kànga náà kò sí nínú ìṣirò wa.

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé ju gbogbo nọ́ńbà lọ. Gbogbo òṣùwọ̀n ní ààlà, ẹni tí ó bá sì wà ní òdìkejì ààlà náà ni ó máa ń ru ẹrù tí a kò kà. Ní Bhopal, àwọn tí ó ń sùn lẹ́yìn ògiri ilé-iṣẹ́ ni.

ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

A ti rí i pé ìkórè ń sọ bí a ti mọ iṣẹ́ sí. Pé ìṣúnná átọ́ọ̀mù ń sọ bí ọ̀nà tí a yàn ti dára tó lórí ìwé. Pé òṣùwọ̀n E ń sọ ohun tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ní tòótọ́. Àti pé EcoScale ń gbìyànjú láti fi ewu àti iná kún un. Ìkọ̀ọ̀kan wúlò. Kò sí èyí tí ó lè dá dúró.

Fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, mo gbà yín níyànjú pé nígbàkígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ọ̀nà kan ‘mọ́’, ẹ bi í ní ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí:

1. Ọ̀nà wo ni ẹ fi wé?
2. Nínú ohun tí ó wọlé, èló ni ó di ọjà?
3. Kí ni ìyókù dà, níbo ni ó sì wà báyìí?
4. Kí ni ó lè ṣẹlẹ̀ bí àgbá bá jò lóru?
5. Níbo ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, níbo ni ẹ ti dá a dúró, ta ni ó sì wà lẹ́yìn ibẹ̀?

Kò pọn dandan kí ẹ lọ sí Texas kí ẹ tó dán an wò. Nínú yàrá àyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ ní kí kíláàsì wọn gbogbo ohun tí ó wọ inú àyẹ̀wò ọjọ́ kan, omi ìfọnǹkan pẹ̀lú, kí wọ́n sì wọn ọjà tí ó jáde. Ẹ ṣe ìṣirò E rẹ̀ ní ojú pátákó. Lẹ́yìn náà, ẹ tún àyẹ̀wò kan náà ṣe pẹ̀lú ìdá mẹ́rin èròjà, kí ẹ sì bèèrè bóyá ohun tí ẹ kọ́ nínú rẹ̀ dín kù. Ẹ ó rí i pé ẹ̀kọ́ kò dín, pàǹtí ni ó dín.

Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ mọ ohun tí ó wà nínú omi náà.